Ọgbẹ́ Méjì Lára Ẹnì Kan: Ìtọ́jú Ẹni tí Àrùn Ọpọlọ àti Bárakú Jọ Kọlù

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́

Ibi kíkà: Lúùkù 10:30–35

Ète ẹ̀kọ́: Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè sọ (1) ìdí tí àrùn ọpọlọ àti bárakú fi máa ń rìn pọ̀, (2) ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́jú méjèèjì pọ̀, (3) ohun tí ìyá, aládùúgbò àti ẹgbẹ́ lè ṣe.

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ òwe yìí rí, púpọ̀ nínú wa sì ti fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń bẹ nínú ẹgbẹ́ wa tí òwe náà kì í pa lẹ́rìn-ín, nítorí òun ló bí i. Òun gan-an ló wá bá mi nílé tó ní, "Ìyá Tísà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé wa, kí ìyá mìíràn má baà rin ọ̀nà tí mo rìn." Mo ti ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ohun tí n kò yí padà ni ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà.

1. ÌTÀN ỌMỌ KAN

Mo kọ́ ọmọkùnrin yìí ní ìwé kẹrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ìṣirò dáadáa; kí n tó kọ ìbéèrè tán sára pátákó, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn kan jókòó létí òkun, wọ́n ń mu igbó, wọ́n ń fi sódabì lé e. Kò pẹ́ púpọ̀ tí kò fi lè sùn mọ́ lóru. Ó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ní rédíò ń pe orúkọ òun, ó ní àwọn ará ilé ń fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Ó dẹ́kun wíwẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi nítorí pé èmi ni mo ń ṣe olórí àwọn tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò nígbà náà. A gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò níbẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a lọ wò ó, ó ti gbẹ, ọgbẹ́ ti wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ohùn tó ń gbọ́ kò sì dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí a gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù: "Ṣé ó ń mu igbó tàbí ọtí?" Ìyá ọmọ wojú mi. Ojú ń tì í. Èmi ni mo dáhùn, mo ní, "Rárá o, ọmọ onígbàgbọ́ ni." Ẹ̀yin arábìnrin mi, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pé kí wọ́n má ṣe purọ́, àmọ́ mo purọ́ lọ́jọ́ náà níwájú ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́.

Oògùn ṣiṣẹ́. Ohùn náà rọlẹ̀, ọmọ náà sì padà sílé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, níbi ìsìnkú kan ní àdúgbò, ẹnì kan fún un ní sódabì, wọ́n ní kí ó mu ún kí ara rẹ̀ lè yá. Láti ọjọ́ náà ló ti padà sídìí ọtí, ó ti padà sídìí igbó, ó sì dá oògùn rẹ̀ dúró. Kí oṣù tó parí, ohùn náà ti dé.

Nígbà tí a gbé e padà, a wá sọ òtítọ́. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ ènìyàn nínú oògùn olóró, kí a tó padà wá. A dé ibẹ̀, wọ́n gba owó. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ránṣẹ́ pè wá, wọ́n ní ọmọ yìí ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, kí a kọ́kọ́ lọ tọ́jú wèrè rẹ̀ ná. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù láti ibì kan sí ibì kejì. Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ta aṣọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ́ lónìí kò ju èyí lọ: ọgbẹ́ méjì tó wà lára ẹnì kan ṣoṣo, ibì kan ni kí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́.

2. KÍ LÓ DÉ TÍ MÉJÈÈJÌ FI Ń RÌN PỌ̀?

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ yìí nìkan ni. Ní 1990, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Nínú àwọn tó ní àrùn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, èyí tí ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ìdá 47 nínú 100 ló ti ní ìṣòro ọtí tàbí oògùn olóró rí nígbà ayé wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ní ilẹ̀ tiwa, àjọ tó ń ṣètò ìṣirò fún ìjọba àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tó wà láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64, bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ní 2017. Ìyẹn ni ẹnì kan nínú méje. Igbó ló wọ́pọ̀ jù. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí, ẹnì kan nínú mẹ́ta ni. Ọtí kò sí nínú iye yìí o! Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá bodè Sẹ̀mẹ̀ mọ ohun tó ń gba ọ̀nà yìí kọjá, a sì mọ bí sódabì ṣe rọrùn láti rà tó.

Ìdí mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ rí tí ọ̀ràn méjèèjì fi ń pàdé.

(a) Oògùn olóró lè ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn ọpọlọ. Ẹni tó bá ń mu igbó púpọ̀, pàápàá tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, tàbí tí àrùn náà ti wà nínú ẹbí rẹ̀, ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu igbó ni orí rẹ̀ ń dàrú, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ló mu igbó. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú ọ̀mùtí wo gbogbo aláìsàn ọpọlọ.

(b) Àrùn ọpọlọ lè ti ènìyàn sídìí ọtí. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ẹ̀rù ń bà, tí ohùn ń bú u láti àárọ̀ di alẹ́, yóò wá ohun tí yóò mú un gbàgbé. Ọmọ wa yìí sọ fún mi lẹ́yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀ pé, "Tísà, bí mo bá ti mu ún, wọ́n á jìnnà díẹ̀." Àwọn ohùn náà ló ń sọ. Ṣùgbọ́n tí ọtí bá dá lójú rẹ̀, wọ́n á padà, wọ́n á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

(d) Ohun kan náà lè bí méjèèjì. Ìṣẹ́, àìríṣẹ́ṣe, ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ ní kékeré, ìdáwà, àti ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sá fún kò ní ẹlẹgbẹ́ mọ́ bí kò ṣe àwọn tó wà nídìí ọtí.

3. KÍ LÓ DÉ TÍ A FI GBỌ́DỌ̀ TỌ́JÚ MÉJÈÈJÌ PỌ̀?

Àwọn Yorùbá ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, kò sí làpálàpá níbẹ̀. Ètè ni méjèèjì. Bí a bá tọ́jú ọpọlọ tí a fi ọtí sílẹ̀, ọtí yóò ba iṣẹ́ oògùn jẹ́, yóò sì mú kí ó gbàgbé láti lò ó. Bí a bá gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ tí a fi ohùn náà sílẹ̀, ohùn náà ni yóò rán an padà sí ilé ọtí.

Ẹ wo ará Samáríà nínú ibi kíkà wa. Kò sọ fún ọkùnrin tó fara gbọgbẹ́ pé kí ó lọ tọ́jú orí ná, kí ó tó padà wá fún ẹsẹ̀. Gbogbo ọgbẹ́ náà ló wẹ̀, ilé èrò kan ṣoṣo ló gbé e lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló fà á lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ó san owó, ó sì ní òun yóò padà wá. Ìlérí pé òun yóò padà wá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ìtọ́jú tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Láti nǹkan bíi ìparí àwọn ọdún 1980, Dókítà Robert Drake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa yìí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: ilé ìwòsàn ọpọlọ ń ti aláìsàn sí ilé ìtọ́jú ọ̀mùtí, àwọn yẹn náà ń tì í padà. Ni wọ́n bá kó dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó mọ̀ nípa bárakú jọ sójú kan, tí gbogbo wọn ń lo fáìlì kan náà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pín in sí ìpele mẹ́rin:

Èkíní, ìfọkàntán. Wọn kì í kọ́kọ́ ní kí ó jáwọ́ nínú ọtí. Wọ́n á wá a lọ, wọ́n á bá a wá oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn, títí yóò fi gbà pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Èkejì, ìlàjú. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ ní sùúrù títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi rí ohun tí ọtí àti igbó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í, wọn kì í wàásù fún un.

Ẹ̀kẹta, ìjáwọ́. Ìgbà tó bá ti fẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n á ràn án lọ́wọ́ láti dín in kù tàbí kí ó fi í sílẹ̀, pẹ̀lú oògùn ọpọlọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, ìṣọ́ra. Wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe mọ̀ pé ìṣubú ń bọ̀, àti ohun tí yóò ṣe bí ó bá ṣubú.

N kò fẹ́ tàn yín jẹ. Kì í ṣe idán. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún, ẹlòmíràn á sì ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dúró. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

4. KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ SÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ní 1944, nígbà tí ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ ní Lantoro ní Abẹ́òkúta fún àwọn sójà tí orí wọn dàrú. Ní 1954, ọsibítù Aro ṣí ní Abẹ́òkúta kan náà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni dókítà tó darí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ẹni tí a bí ní 1923. Títí di ìgbà náà, ilé tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ ló pọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní 1907. Lambo kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba aláìsàn òun gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan wá tí yóò máa gbé pẹ̀lú rẹ̀: ìyá, ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò. Ẹbí yìí ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Gbogbo àgbáyé ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Àwọn dókítà Aro kò sì fojú fo ọ̀ràn igbó. Ní 1964, Dókítà Tolani Asuni kọ ìwé lórí igbó àti àrùn ọpọlọ ní Nàìjíríà sínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró. Ní 1965, Lambo kọ tirẹ̀ nínú ìwé kan náà. Ẹ ò rí i pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ wa ti ń wo ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Lónìí, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ ní Yábàá àti ní Aro ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, nínú ọgbà kan náà tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹni tí kò bá lè lọ síbẹ̀ tààrà, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ ìwé fún un.

5. Ọ̀RỌ̀ ṢẸ́KẸ́ṢẸKẸ̀

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí agbo ilé Mobee níhìn-ín ní Àgbádárìgì, kí wọ́n lè fi ojú rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de àwọn ẹrú. Mo máa ń jẹ́ kí ọmọ kan gbé e dání kí ó mọ bí ó ṣe wúwo tó. Gbogbo wọn á dákẹ́. Lẹ́yìn náà, èmi kan náà lọ wo ọmọ tí mo kọ́ níwèé, mo rí irin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo gbàdúrà, mo sì padà sílé. Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà pé irin kan náà ni.

Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ṣèbẹ̀wò sí ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Àbújá. Wọ́n bá aláìsàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ibi ìtọ́jú ti Mùsùlùmí, àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìjọba òyìnbó ṣe ní 1916. Òfin tuntun yìí sọ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tí kò jìnnà sí wa. Ọmọ agbègbè Kétu ní ilẹ̀ Benin ni Grégoire Ahongbonon. Iṣẹ́ lílẹ táyà ọkọ̀ ló ń ṣe ní ìlú Bouaké ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ní nǹkan bíi 1990, ó rí ọkùnrin kan ní ìhòòhò tó ń wá oúnjẹ nínú pàǹtírí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń rí irú wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ló dúró wò ó. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àti omi tútù lọ bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lóru. Láti ibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀. Wọ́n ń tú aláìsàn kúrò lára igi àti nínú irin, wọ́n ń fún un ní oògùn ọsibítù, wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń mú un padà sílé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ aláìsàn tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n ní ibùdó ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí bodè wa yìí.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Ṣé kí a má gbàdúrà mọ́ ni?" Rárá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020. Aláìsàn 307 tó wà lọ́dọ̀ àwọn wòlíì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ló kópa. Ní apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá wọn níbẹ̀ déédéé, wọ́n ń fún wọn ní oògùn, wọ́n sì ń bá wòlíì tàbí oníṣègùn náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn wọ̀nyí yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lọ. Àdúrà àti abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Irin ni kò sí àyè fún.

6. KÍ NI ÀWA OBÌNRIN LÈ ṢE?

(i) Sọ òtítọ́ fún dókítà. Ọtí, igbó, kódíìnì, tírámádọ́ọ̀lù, ohun yòówù tó ń lò, sọ ọ́. Má ṣe gba ẹnu aláìsàn purọ́ bí mo ti ṣe.

(ii) Má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ. Àwọn oògùn kan lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara le, tàbí kí oorun pọ̀. Padà lọ sọ fún wọn. Wọ́n lè yí i padà. Bí ó bá sì mutí, má ṣe ní nítorí bẹ́ẹ̀ kí ó má lo oògùn mọ́. Lọ bi dókítà léèrè. Fún ẹni tó ń gbàgbé, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n lè máa gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

(iii) Má ṣe fi agbára gba ọtí lójijì lọ́wọ́ ẹni tó ti ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́. Ó lè mú gìrì, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè pa á. Ojú dókítà ni kí ó ti jáwọ́.

(iv) Níbi ìnáwó wa, yálà ìsìnkú tàbí ìkómọ, ẹ má ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọtí, ẹ má sì ṣe fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ife sódabì kan ló ba iṣẹ́ oṣù méjì jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ta á lọ́rẹ, oúnjẹ tàbí aṣọ ni kí ẹ fún un, kì í ṣe owó.

(v) Má ṣe bá a jiyàn lórí ohùn tó ń gbọ́, má sì ṣe gbà pé òtítọ́ ni. Sọ pé, "Èmi kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dà ọ́ láàmú."

(vi) Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó ọ̀bẹ àti oògùn kòkòrò kúrò nílé, kí ẹ gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

(vii) Bí ó bá ṣubú, ẹ má ṣe lé e jáde. Ìṣubú jẹ́ ara àìsàn náà. Ẹ padà sí ọsibítù kíákíá. Ìpadàbọ̀ àkọ́kọ́ rọrùn ju ti ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta lọ.

(viii) Ẹ rántí ìyá rẹ̀. Ọmọ tó dára ni ti baba, wọ́n á ní èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ẹ bá a jókòó ti ọmọ náà kí ó lè lọ sọ́jà. Ẹ fi owó ọkọ̀ sí i lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó bá ń lọ sí ọsibítù. Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

ÌPARÍ

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀ràn ọmọ náà ṣe rí. Ní ìgbẹ̀yìn, a bá dókítà kan pàdé ní ọsibítù ìjọba kan, tó béèrè ọ̀ràn ọpọlọ àti ti ọtí lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì kọ méjèèjì sínú káàdì kan. Wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Láti ìgbà náà ló ti ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tó bá lọ gbà á, nọ́ọ̀sì kan náà ló ń jókòó bi í léèrè nípa ọtí, láìgbé ohùn sókè. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Nígbà kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìdájí, tó ní, "Tísà, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ o, ẹ bá mi pe màámi." Bí a ṣe wọ ọkọ̀ nìyẹn.

Nísinsìnyí ó ń bá àwọn apẹja rán àwọ̀n létí òkun, ibẹ̀ náà tó ti kọ́kọ́ kọ́ igbó mímu. Ẹ̀rù ṣì ń ba ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí wọ́n bá gba owó. Kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó bá mi ṣe ìṣirò owó ìkórè wa, ó sì rí àṣìṣe kan tí èmi kò rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Sọ ìdí mẹ́ta tí àrùn ọpọlọ àti bárakú fi máa ń rìn pọ̀.
2. Kí ni ará Samáríà ṣe tó jọ ìtọ́jú tí a kọ́ lónìí?
3. Kí ló dé tí ojú fi ń ti ìyá láti sọ òtítọ́ fún dókítà? Àwa ńkọ́, kí ni a ń ṣe tó ń dá kún ìtìjú náà?
4. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè pinnu lórí ọ̀rọ̀ ọtí níbi ìnáwó?
5. Ta ni ó wà ní àdúgbò rẹ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò mọ́?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ìpàdé tó tú, kí a yan obìnrin mẹ́ta tí yóò lọ béèrè ní ọsibítù jẹ́nẹ́rà ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn ọpọlọ, tàbí ibi tí wọ́n ń darí wọn sí, kí wọ́n sì mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti gbàdúrà tán tí a sì yí padà sílé. Kọ́ wa láti padà lọ. Àmín.